Omi Tí Ẹfúndùn Gbé Wọ Ìlú Ìkúnlẹ̀

Ẹfúndùn fi ọwọ́ méjèèjì fún imú rẹ̀ pọ̀ kí ó má baà sín.

Orí ẹ̀ka igi àràbà ni ó nà gbalaja sí. Àwọn iwin ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gùn, wọ́n rí tín-ín-rín, wọn kò sì ní ojú. Ihò imú ni ó wà níbi tí ojú yẹ kí ó wà, ó ń ṣí, ó ń pa dé bí ẹnu ẹja. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ewé gbígbẹ kò dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Sísín náà kò jáde ní imú. Ó gba ìsàlẹ̀ lọ. Inú obìnrin náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé ó ti bọ́. Ìtọ̀ rin àkísà, ó rin ìró, ó kán sílẹ̀.

Iwin tí ó kẹ́yìn pá lórí. Àtàrí rẹ̀ ni ó kán sí.

Iwin náà dúró. Ó fi ìka kan àtàrí, ó gbé ìka náà sí imú.

"Òjò ń bọ̀," ni iwin tí ó wà níwájú rẹ̀ wí.

"Òjò kọ́. Òjò kì í rùn báyìí. Inú ènìyàn ni èyí ti wá."

"Ènìyàn wo ni yóò gun igi wá tọ̀ sí ọ lórí?"

"Ohun tí èmi náà fẹ́ bi í nìyẹn."

Gbogbo wọn gbé imú sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ọdẹ ni mí. Mo ti lo ọjọ́ kan lórí igi tí ẹkùn ń bẹ nídìí rẹ̀, n kò sì pe ìyá mi. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yìí rí, n kò rí i rí. Ẹnu rẹ̀ àti ẹnu ọkọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ibi tí ó parí sí ṣojú mi. N kò ní fi kún un.

Ẹfúndùn bẹ́ sílẹ̀ ní òdìkejì igi, ó sì sáré. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀ ni ìtọ̀ ń já. Ó ń gbọ́ wọn lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó ń gbọ́. Èémí ni, èémí tí ọ̀pọ̀ imú ń fà sínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ó ti ń sáré, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé e débẹ̀.

Ọdẹ́tókun ni ọkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọdẹ abúlé wa, Olúọ́dẹ nìkan ni a lè sọ pé ó jù ú lọ. Ó wọ Igbó Ìdákẹ́ nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. A ṣẹ́ àgbàdo tán, kò dé. A wá a. A fun fèrè, a yìnbọn, kò sí ìdáhùn. Olúọ́dẹ ní kí a ṣe ìpà rẹ̀. Bí ọdẹ bá kú, àwa ọdẹ a máa gbé ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀ àti gbérí, ẹ̀wù tí ó fi ń ṣọdẹ, lọ sí oríta igbó. A ó sọ ọ́ létí pé ilé ti tú u sílẹ̀, a ó sì yìn ìbọn ìkẹyìn. Ẹni tí a bá ti ṣe èyí fún kò ní ilé mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ wà láàyè nínú igbó, ọ̀nà yóò pa dé mọ́ ọn. A fi í sí ìrọ̀lẹ́ tí oṣù tuntun bá lé.

Ẹfúndùn ní ọkọ òun kò kú. Wọ́n bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Ó di àkísà mọ́ ara, ó wọ igbó.

Àkísà náà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọmọ márùn-ún ni ó bí. Èyí tí ó kẹ́yìn tóbi, ó pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì fa ìyá rẹ̀ ya. Láti ìgbà náà, obìnrin náà kò lè mú ìtọ̀ dúró. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó bọ́. Bí ó bá gbé igbá karí, ó bọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fọ àkísà kí ará ilé tó jí, ó ń sá a sí abẹ́ ibùsùn, níbi tí kì í gbẹ. Kò lọ síbi ìkómọ mọ́, nítorí pé wọn a máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ. Ọkọ rò pé ó ti kọ òun. Kò bèèrè. Ó kàn ń wọ igbó jìnnà sí i ni, ó sì ń pẹ́ sí i.

Ó ku ohun kan tí obìnrin náà ṣe. Kò mu omi mọ́. Ó ní bí òun kò bá bu omi sínú, kò sí ohun tí yóò jáde. Ahá kan ní òwúrọ̀, ó parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì. Aya ọdẹ ni. Bí ó bá bi ọkọ rẹ̀, ọkọ ì bá sọ fún un pé àṣìṣe ni. Kò bi í.

Ẹfúndùn sáré títí èémí fi tán. Ìsun omi kan wà níwájú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí gbòǹgbò létí rẹ̀, ó wọ gbérí ọdẹ, àwọ̀ gbérí náà ti ṣá dà bí èèpo igi. Ìtàkùn hù gba àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bọ́ sínú omi," ni ó wí. "Jókòó kí ó mù ọ́ dé àyà. Má sọ̀rọ̀."

Ó bọ́ sínú omi. Àwọn iwin dé. Wọ́n yí ìsun náà ká, wọ́n ń fín, wọ́n ń fín.

"Ibí yìí ni òórùn náà kú sí," ni èyí tí ó pá wí. Inú ń bí i.

"Bóyá òjò náà ni lóòótọ́."

"Bí wọ́n bá tọ̀ sí ìwọ náà lórí, wá sọ fún mi pé òjò ni."

Wọ́n fín imú títí, wọ́n sì lọ.

Bàbá náà bu omi sínú akèrègbè, ó nà án sí i. "Ìgbà wo ni o mu omi kẹ́yìn, ọmọ mi?"

"Àná, bàbá. Díẹ̀ ni. Ọkọ mi, Ọdẹ́tókun ọdẹ, ni mo ń wá kiri kí wọ́n tó ṣe ìpà rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ń fi òùngbẹ pa ara rẹ?"

Kò tíì sọ ọ́ fún alààyè kankan. Ó wo ìtàkùn tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàbá náà, ó sì rí i pé ẹni yìí kò ní ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ.

"Ó ń jò, bàbá. Láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn. Bí mo bá mu omi, yóò pọ̀ sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ní ohùn. "Ìwọ aya ọdẹ! Ṣé o rò pé àwa ọdẹ máa ń fi òùngbẹ ṣọ́ ẹran ni? À ń mu omi dáadáa kí a tó gun igi. Ìtọ̀ ẹni tí kò mu omi máa ń pọ́n bí epo. Ó ń rùn, ẹtu yóò sì gbọ́ ọ láti òkè odò. Ó sì ń ta èèyàn nínú, kò ní jẹ́ kó gbádùn, gbogbo ìgbà ni yóò máa lé e lọ sẹ́yìn igi. Tẹ́lẹ̀, o ń jò. Nígbà tí o sá fún omi, o ń jò, o ń rùn, ó tún ń lé ọ kiri. Èrè wo lo jẹ?"

Ẹfúndùn gba akèrègbè, ó mu ún tán. Ó tún mu òmíràn.

"Kí ni orúkọ yín, bàbá?"

"Ọdẹ́rìndé."

Ara obìnrin náà tutù. Ó mọ orúkọ náà. Ó ṣì wà lọ́mọdé nígbà tí wọ́n ṣe ìpà Ọdẹ́rìndé.

"Ẹsẹ̀ mi ni ó ṣẹ́," ni bàbá wí. "Mo ń fi àyà wọ́ bọ̀ nílé. Mo gbọ́ ìbọn wọn ní oríta. Mo tilẹ̀ gbọ́ ohùn àbúrò mi. Mo gbójú sókè, kò sí ọ̀nà mọ́. Wọ́n ṣe é dáadáa. N kò bínú. Máa lọ. Oṣù yóò lé ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìlú Ìkúnlẹ̀ ni ọkọ rẹ wà. Wọn kò dè é. Wọ́n kàn ń bi í léèrè ni."

Ẹfúndùn dé Ìlú Ìkúnlẹ̀ ní ọ̀sán. Kò sí èéfín níbẹ̀. Kò sí ajá. Ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan kúnlẹ̀ sórí ẹní. Orúnkún wọn ti gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀. Àwọn tí ó kú lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n, gbogbo àwọn tí wọ́n lọ bímọ tí wọn kò dìde. Gbogbo wọn yí orí sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdẹ́tókun jókòó ní àárín ìta. Koríko ti hù sí irun rẹ̀. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀.

"Ọkùnrin ni," ni obìnrin náà ń wí. "Ní ilé alágbẹ̀dẹ. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí n tó lọ. Ṣé ó yè?"

"Ó yè. Ó ti di géńdé. Ó sì lẹ́nu bí nǹkan míì."

"Ó lẹ́nu! Ìyá mi ló jọ." Ó ṣípò fún ẹlòmíràn.

"Tèmi ńkọ́? Obìnrin ni. Wọ́n ní kò ké."

"N kò mọ̀ ọ́n, ìyá."

"Tún rò ó."

Ó tún rò ó. Ohun tí ó ti ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí ó ti dé ibẹ̀. Àlejò tí ó mọ ilé àwọn alààyè kò wọ́pọ̀ ní ìlú náà.

"Bàbá Ọdẹ́yẹmí!" ni Ẹfúndùn fi orúkọ ọmọ wọn pè é.

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ṣófo. "Ìwọ ńkọ́?" ni ó wí. "Kí ni o bí? Ilé ta ni o bí i sí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pa ẹfọ̀n tí ó kàn mí ní ìwo. Mo rò pé èmi ì bá ti padà sẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Obìnrin náà kò padà.

Ọ̀kan nínú wọn dìde. Fátóyìn ni orúkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí ni nígbà ayé rẹ̀, ìkúnlẹ̀ tirẹ̀ ni ó sì gbé e lọ.

"Ta ni ọ́?"

"Aya rẹ̀ ni mí, ìyá. Mo wá mú un lọ sílé."

"Iwin ti pa ara dà wá síbí rí, ó ní òun ni aya. Ọmọ mélòó ni o bí?"

"Márùn-ún."

"O sì dìde?"

"Mo dìde."

"Fi hàn wá pé o dìde."

Ẹfúndùn ṣí ikùn rẹ̀, ó fi ìlà tí oyún fà síbẹ̀ hàn wọ́n.

"Àwa náà ní ìyẹn," ni Fátóyìn wí.

Ó fi ọmú hàn wọ́n.

"Tiwa náà kún. Ohun tí ó ń wá lẹ́yìn ìyẹn ni à ń bèèrè. Èyí tí àwa kò dúró dè."

Ẹfúndùn mọ ohun tí wọ́n ń wá lójú ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn obìnrin náà kún ìta. Ojú tì í ju bí ẹ̀rù ṣe bà á nígbà tí àwọn iwin ń lé e. Ó lè yí padà, kí ó gbé ohun rẹ̀ lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Oòrùn sì ti ń lọ sísàlẹ̀.

"Ìtọ̀ ń bọ́ lára mi," ni ó wí.

Àwọn obìnrin náà na ọrùn síwájú.

"N kò lè mú un dúró mọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ó ń bọ́. Bí mo bá gbé ẹrù, ó ń bọ́. Àkísà ni mo dì mọ́ra yìí."

Obìnrin kan tí kò ju ọ̀dọ́ lọ fi orúnkún rìn súnmọ́ ọn. "Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Nígbà tí ẹ bá ń jó ńkọ́?"

"N kò jó mọ́. Ṣùgbọ́n yóò bọ́."

"Tí ọmọ bá fò mọ́ yín lára lójijì?"

"Hà! Ìyẹn tilẹ̀ burú jù."

Ẹnì kan pa ẹ̀rín lẹ́yìn. Ẹ̀rín tàn káàkiri. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ibẹ̀ di ara wọn mú.

"Kí wọ́n fún mi ní tèmi!" ni ọ̀kan kígbe. "Èmi ì bá máa tọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, kí n máa tọ̀ ọ́ bọ̀!"

"Èmi ì bá tọ̀ sórí ẹní ọkọ mi, màá sì ní òun ló tọ̀ ọ́!"

"Èmi, bí ọmọ mi bá ti ń pa mí lẹ́rìn-ín, kí ó ṣáà máa dà."

Bí ẹni yìí ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àwọn kan bo ojú. Wọ́n ń sunkún, ṣùgbọ́n omi kò jáde lójú wọn. Wọn kò ní omi kankan nínú mọ́.

Ọdẹ́tókun ń wo aya rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ṣófo mọ́.

"Ṣé nítorí èyí ni o ṣe gbé ẹní rẹ, Ẹfúndùn?"

"Nítorí rẹ̀ ni."

"Mo rò pé o kọ̀ mí ni."

"Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ rò."

"O sì jẹ́ kí n máa rò ó."

"Ẹ̀yin náà kò bi mí."

"N kò bi ọ́."

Ìjà wọn nìyẹn. Ó parí síbẹ̀.

Fátóyìn fa Ẹfúndùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo rí i lára ọ̀pọ̀ tí mo gbẹ̀bí fún. Bí o bá ń tọ̀, ṣé o lè dá a dúró láàárín?"

"Díẹ̀, ìyá."

"Ibi tí o fi ń dá a dúró yẹn ni. Fà á sókè. Ikùn kọ́, itan kọ́. Má ṣe di èémí. Mú un níbẹ̀, tú u sílẹ̀, sinmi, kí o tún fà á. Má sọ ọ́ di àṣà nígbà tí o bá ń tọ̀ lọ́wọ́. Mo fi ìyẹn júwe ibẹ̀ fún ọ ni. Jókòó ti ọjà rẹ kí o máa ṣe é. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí o bá sì fẹ́ gbé nǹkan, kọ́kọ́ fà á."

"Ṣé yóò tán?"

"Lára àwọn mìíràn, ó tán. Lára àwọn mìíràn, ó dín kù. Kò yá. Má retí rẹ̀ lọ́la."

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́tókun ti kú tipiri. Kò lè dìde. Ẹfúndùn yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ọ̀já dè é mọ́ra bí ìgbà tí à ń pọn ọmọ. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọkùnrin kékeré, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

"Fà á kí o tó dìde!" ni Fátóyìn kígbe.

"Fà á!" ni gbogbo ìlú ké lé e.

Ó fà á, ó sì dìde.

Ó dúró. Kò bọ́. Ó gbé ẹsẹ̀, kò bọ́. Àwọn obìnrin náà ń tẹ̀lé e lórí orúnkún. Ọwọ́ tútù ń kan ìró rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ké wà nínú wọn.

"Tèmi ńkọ́?" ni ó ń wí. "Kò ké. Tèmi ńkọ́?"

"Màá wá a," ni Ọdẹ́tókun dáhùn lẹ́yìn aya rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le.

Ní ẹnu ibodè, agbára Ẹfúndùn tán. Ìtọ̀ kán sí ilẹ̀. Kò pọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ti ń bi í léèrè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni ó wí. Ó pa ọwọ́ náà dé, kò sì tẹ̀lé wọn mọ́.

Èmi wà ní oríta. Èmi ni mo gbé àpò rẹ̀. Oṣù ti lé, ó tín-ín-rín bí èékánná. A ti gbé ìbọn Ọdẹ́tókun sílẹ̀, a ti sọ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Olúọ́dẹ na ìbọn ìkẹyìn sókè.

Ohun kan jáde nínú igbó. Ó ní orí méjì. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí kíkankíkan. Olúọ́dẹ sọ ìbọn kalẹ̀ láti òkè, ó kọ ojú rẹ̀ sí i. Bí nǹkan náà bá jẹ́ iwin, ó máa kú. Bí kò bá jẹ́ iwin, ó máa kú náà.

"Ọdẹ́jìmí," ni orí tí ó wà lókè wí, "ta ni ó ní kí o wọ gbérí mi?"

Ọdẹ́jìmí ni wọ́n ní kí ó gbé gbérí náà wá. Ó ti wọ̀ ọ́ sọ́rùn.

"Òtútù ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé mo ti kú tán?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Bọ́ ọ."

Ọdẹ́jìmí bọ́ ọ kánmọ́kánmọ́, orí rẹ̀ há sí ọrùn ẹ̀wù, ó ń yí po bí ewúrẹ́ tí ó ki orí bọ ìkòkò. Olúọ́dẹ rẹ ìbọn sílẹ̀. Ẹfúndùn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ìbàdí rẹ̀ fi ń mì, àwa sì rí i tí omi ń ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ dúró ná," ni ó wí fún gbogbo wa. "Mo ti tọ̀ sára."

Àwa ọdẹ wo ilẹ̀.

"Sọ̀ mí kalẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí, "kí o lọ pààrọ̀ aṣọ."

A kó ẹrù Ọdẹ́tókun padà sílé. Kò sí ẹni tí ó yìn ìbọn ìkẹyìn náà. Obìnrin náà ń mu omi rẹ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ń fà á, ó ń tú u sílẹ̀, bí ó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, bí ó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin agboolé. Mélòó kan nínú wọn dákẹ́, wọ́n sì padà wá bá a ní ọjọ́ kejì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹní rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ Ọdẹ́tókun yá, kì í ṣe igbó ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó ń ti abúlé dé abúlé, ó ń bèèrè obìnrin kan tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i. Kò tíì rí i.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ẹfúndùn ń ru igi láti oko, ó sì ń jó níbi ìkómọ. Ìtọ̀ náà kò tán pátápátá. Díẹ̀ kù, ó ń fi àkísà gbà á.